Ohun Tí Ọ̀gá Kò Mọ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Òwò Soichiro Honda

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn oníṣòwò, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ọmọ iṣẹ́)



 

Ẹ̀yin ará lọ́kùnrin àti lóbìnrin, kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí wọn kò ti mọ orúkọ Honda. Ara alùpùpù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ kà á. Àwọn mìíràn kà á lára ẹ̀rọ amúnáwá tí ń kùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ní 1979 ni ilé-iṣẹ́ náà dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ṣùgbọ́n kí orúkọ náà tó di orúkọ ẹ̀rọ, ènìyàn kan ni ó ń jẹ́ ẹ. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, mẹkáníìkì ni, ọ̀nà tí ó sì tọ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù kékeré dé ibi tí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n kò tẹ́ pẹrẹsẹ rárá.

Ọ̀rọ̀ òní kò dá lórí iye owó tí ó kó jọ. Ó dá lórí ọ̀ràn kan tí ó ń bá a fà á láti ìgbà èwe títí di ọjọ́ tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀ràn náà ni pé ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀ gan-an ni ó máa ń ṣòro fún jù lọ láti gbà pé nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ náà tí òun kò mọ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni èyí dé bá Honda. Nígbà tí ó sì dé kẹ́yìn, díẹ̀ ni ó kù kí ó ba ohun tí ó ti kọ́ fún ọdún méjìlélógún jẹ́.

Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1906 ni wọ́n bí Soichiro Honda ní abúlé kan nítòsí ìlú Hamamatsu ní ilẹ̀ Jàpáànì. Gihei, bàbá rẹ̀, jẹ́ alágbẹ̀dẹ tí ó tún ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe. Mika, ìyá rẹ̀, a máa hun aṣọ. Ní 1922 ó jáde ilé-ìwé, ó sì lọ sí Tokyo láti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Art Shokai. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́ kì í ṣe sípánà. Ọmọ ọ̀gá ni wọ́n gbé pọ̀n ọ́n, wọ́n sì fi ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni ó ń wo àwọn tí ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀ọ́kán, tòun ti ọmọ ní ẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rí, ẹ̀yin tí ẹ ti pọn omi, tí ẹ ti fọ aṣọ ìyàwó ọ̀gá kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ mọ orúkọ irinṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ kò ní í béèrè bí ó ti rí lára rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni ó lò níbẹ̀. Nígbà tí ó di 1928, ọ̀gá rẹ̀ yọ̀ǹda fún un pé kí ó lọ ṣí ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà ní Hamamatsu. Nínú gbogbo ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀, òun nìkan ni ọ̀gá yìí fún ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yọ sí i lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà mọ̀ pé ọkọ̀ tí ẹlòmíràn bá tì, Honda yóò tún un ṣe, owó sì ń wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa gan-an ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, nítorí pé owó tí ń wọlé ni ó mú kí ó rò pé kò sí ohun tí ọwọ́ òun kò lè ṣe. Títún nǹkan ṣe kò tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́; ó fẹ́ máa ṣe nǹkan jáde. Ohun tí ó mú ni ríìngì písítìn. Gbogbo ẹni tí ó bá ti ní alùpùpù rí ni ó mọ̀ ọ́n: òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí í yí písítìn ká nínú ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ti jẹ, ẹ́ńjìnnì a bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì, a sì máa rú èéfín. Ní ojú, kò sí ohun tí ó rọrùn tó o láti ṣe. Honda rò pé bí bàbá òun ti ń rọ irin ni òun yóò ṣe rọ ọ́. Ó ra ẹ̀rọ, ó gba òṣìṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ríìngì tí ó ṣe kò dára. Àwọn kan ń ṣẹ́ bí àkàrà gbígbẹ, àwọn mìíràn kò ní agbára láti tẹ̀ kí wọ́n sì padà sí ipò wọn. Ó ń ṣiṣẹ́ di ọ̀gànjọ́ òru. Sachi, aya rẹ̀, ni í wá gé irun rẹ̀ ní ibi iṣẹ́, nítorí pé kò ní àyè láti jáde. Owó tí ó ti kó jọ láti inú iṣẹ́ mẹkáníìkì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Àárẹ̀ ara kọ́ ni ohun tí ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìmọ̀ ni kò sí níbẹ̀, kò sì sí bí ènìyàn ti lè fi òógùn dípò ìmọ̀.

Nígbẹ̀yìn ó gbé ríìngì rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Hamamatsu. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì sọ fún un pé sílíkọ́ọ̀nù kò tó nínú irin náà. Honda kò mọ̀ pé ohun tí ń jẹ́ sílíkọ́ọ̀nù ń wọ inú irin. Ẹ ro ìtìjú ọkùnrin náà wò. Ó ti ń gba òṣìṣẹ́, ó ti ní orúkọ ní ìlú, ó sì ti ná owó tó pọ̀, ohun tí kò mọ̀ sì jẹ́ ohun tí olùkọ́ sọ fún un ní ìdúró ẹsẹ̀ kan. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ó dà. Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun wá jókòó ní kíláàsì, láàárín àwọn ọmọ tí òun ti fi ọdún mẹ́wàá jù. Ní òwúrọ̀ ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́; ní ìrọ̀lẹ́ ó ń lọ dán ohun tí ó gbọ́ wò lára irin.

Ìtàn kan wà tí gbogbo ẹni tí ó bá ti kọ̀wé nípa rẹ̀ máa ń sọ. Honda kì í ṣe ìdánwò, wọ́n sì sọ fún un pé wọn kò ní í fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ó dáhùn pé tíkẹ́ẹ̀tì sinimá sàn ju ìwé ẹ̀rí lọ, nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì a máa jẹ́ kí ènìyàn wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ràn ìtàn yìí, wọ́n sì ń fi í ṣe ẹ̀rí pé ìwé kò wúlò. Wọ́n ṣì í gbọ́. Ọkùnrin tí ó kọ ìwé ẹ̀rí yìí kò kọ kíláàsì. Ẹ̀kọ́ ni ó wá, ẹ̀kọ́ ni ó sì gbé lọ.

Síbẹ̀, ìmọ̀ kì í dé kí iṣẹ́ sì dára ní ọjọ́ kan náà. Nínú nǹkan bí 30,000 ríìngì tí wọ́n ṣe, wọ́n ṣa 50 tí ó dára jù lọ, wọ́n gbé e lọ fún ilé-iṣẹ́ Toyota. Toyota yẹ gbogbo rẹ̀ wò, 3 péré ni wọ́n gbà. Wọ́n dá 47 padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé iye náà, nítorí pé yóò tún jẹ yọ. Honda tún gbéra, ó lọ káàkiri àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ irin, ó ń wo bí wọ́n ti ń ṣe é, títí tí ríìngì rẹ̀ fi di èyí tí Toyota ń rà.

Ogun àgbáyé kejì kò jẹ́ kí ó gbádùn rẹ̀ pẹ́. Ní 1942 Toyota ra ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ náà, Honda sì di igbákejì nínú ohun tí ó dá sílẹ̀. Bọ́ǹbù ba ilé iṣẹ́ kan jẹ́ ní 1944, ilẹ̀ mì tìtì ní oṣù kìíní 1945, ó sì wó èkejì. Ó ta ohun tí ó kù fún Toyota ní 450,000 yẹ́ẹ̀nì, ó sì fi bí ọdún kan sinmi. Wọ́n ní ọtí ni ó ń mu ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà náà. Kì í ṣe ohun gbogbo tí ó wà nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ni ó jẹ́ àwòkọ́ṣe fún Mùsùlùmí.

Ní 1946 ó tún bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Jàpáànì ti di ahoro, ọkọ̀ kò sí, epo bẹntiróòlù ṣọ̀wọ́n, àwọn ènìyàn sì ń gun kẹ̀kẹ́ lọ wá oúnjẹ ní abúlé. Honda rí àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí àwọn ọmọ ogun ń lò tẹ́lẹ̀ fún ẹ̀rọ rédíò. Ó so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere. Ike omi gbígbóná ni ó fi ṣe táńkì epo ti àkọ́kọ́, Sachi sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gùn ún wò. Ó tà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 1948 ni ó dá Honda Motor sílẹ̀ pẹ̀lú mílíọ̀nù kan yẹ́ẹ̀nì àti òṣìṣẹ́ 34.

Ẹ̀rọ ń tà, ṣùgbọ́n owó kò wọlé. Àwọn tí ń bá a tà á a máa gbé e lọ, wọn kì í sì í san owó. Honda mọ ẹ́ńjìnnì bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà títà kò yé e, ìṣirò owó sì ń rẹ̀ ẹ́. Èyí ni ìgbà kejì tí ó pàdé ohun tí kò mọ̀. Ní ìgbà yìí kò lọ sí kíláàsì. Ó wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Oṣù kẹjọ 1949 ni wọ́n mú Takeo Fujisawa mọ̀ ọ́n. Fujisawa kò mọ ohunkóhun nípa ẹ́ńjìnnì, kò sì gbìyànjú láti mọ̀ ọ́n. Òwò ni ó mọ̀. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sì ṣe àdéhùn kan tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ dá òwò pọ̀ gbé yẹ̀ wò: Honda kò ní í dá sí owó àti ọjà, Fujisawa kò ní í dá sí ẹ́ńjìnnì. Honda gbé òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ fún un. Ní ilẹ̀ Jàpáànì, òǹtẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀gá. Ẹni tí ó bá ti mú un lọ́wọ́ lè fi ilé-iṣẹ́ náà jẹ gbèsè, ó lè fi tà á. Honda gbé e sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀, tí kì í ṣe ọmọ ìlú rẹ̀, kò sì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pẹ́ lẹ́nu òwò ní ọjà wa yóò mi orí sí èyí. Ìdí tí àjọṣe òwò kì í fi í pẹ́ láàárín àwọn ènìyàn wa ni pé a kì í pín iṣẹ́, owó nìkan ni a máa ń pín. Ẹni tí ó mọ aṣọ rán ni ó fẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ àpótí owó. Ẹni tí ó mú owó wá ni ó fẹ́ sọ bí wọn yóò ti gé aṣọ. Ọdún kan kò ní í pé kí wọ́n tó gbé ara wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Honda àti Fujisawa jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ tí ń jọ jẹun lójoojúmọ́, àkókò kan tilẹ̀ wà tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ara wọn. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ parí sí.

Ohun tí Fujisawa ṣe ní 1952 fi hàn bí ọgbọ́n òwò ti yàtọ̀ sí ọgbọ́n ọwọ́. Honda ti ṣe ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Cub, èyí tí wọn yóò dè mọ́ kẹ̀kẹ́. Dípò kí Fujisawa tún máa sá tẹ̀lé àwọn tí kì í san gbèsè, ó kọ lẹ́tà sí àwọn ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ológeere ní gbogbo ilẹ̀ Jàpáànì, ó lé ní 50,000. Àwọn tí ó ju 30,000 lọ dá èsì padà. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ kí ẹrù tó dé, wọ́n sì fi í ránṣẹ́. Honda ìbá fi ọgọ́rùn-ún ọdún tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe, kò ní í ronú kan irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Àdéhùn wọn rí ìdánwò ní 1954. Wọ́n ti ra ẹ̀rọ láti ilẹ̀ òkèèrè ní iye tí ó lé ní 400 mílíọ̀nù yẹ́ẹ̀nì, owó tí ó ju ojú owó ilé-iṣẹ́ náà lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. (Ọ̀rọ̀ èlé tí í bá irú gbèsè bẹ́ẹ̀ rìn, àwọn onímímọ̀ ti sọ èyí tí ó tó níbòmíràn.) Lẹ́yìn náà ni ọjà dà rú. Alùpùpù tuntun tí wọ́n ń pè ní Juno ń gbóná ju bí ó ti yẹ, kò sì tà. Èyí tí ó tóbi, Dream, ní ẹ̀sùn kábúrétọ̀. Àwọn oníbàárà ń dá ẹrù padà. Ìwé gbèsè ń pé lé ara wọn lórí. Honda fi ọ̀sán àti òru wá ohun tí ń ṣe kábúrétọ̀ náà títí ó fi rí i. Fujisawa ní tirẹ̀ pe àwọn tí ń ta irin àti ọ̀jà fún wọn, ó sọ òótọ́ fún wọn pé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó wọn ni ilé-iṣẹ́ lè san nísinsìnyí, kí wọ́n má ṣe dá ẹrù dúró. Ó lọ bá báńkì, kò sì fi ohun kankan pa mọ́ fún wọn. Òtítọ́ yìí ni ó gbà wọ́n. Ẹni tí ó bá jẹ gbèsè tí ó sì ń sá fún ẹni tí ó jẹ ní gbèsè, ojú ọ̀nà ni ó ń dí mọ́ ara rẹ̀.

Nínú ìdààmú yìí ni Fujisawa ní kí Honda máa lọ sí erékùṣù Man, láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, níbi tí wọ́n ti ń sá eré ìje alùpùpù tí ó gbajúmọ̀ jù lọ láyé. Honda ti kéde pé àwọn yóò kópa níbẹ̀. Ohun tí ó rí kó ìpayà bá a: alùpùpù àwọn ará Jámánì ní agbára tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ tí ó tó o ní. Ó padà wálé pẹ̀lú ẹrù ohun èlò àti ìmọ̀ pé òun kò tíì mọ nǹkan. 1959 ni wọ́n tó kọ́kọ́ sá eré náà, wọ́n ṣe ipò kẹfà. Nígbà tí ó di 1961, wọ́n gba ipò kìíní dé ìkarùn-ún ní ìsọ̀rí méjì.

Nípa Super Cub tí wọ́n gbé jáde ní 1958, ọ̀rọ̀ kò pọ̀, nítorí pé ẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ṣe é kí ọmọ tí ń gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà lè fi ọwọ́ kan gùn ún, kí obìnrin sì lè gùn ún láìgbé ẹsẹ̀ kọjá orí ìjókòó. Nígbà tí ó fi di 2017, ó ti ju 100 mílíọ̀nù irú rẹ̀ tí wọ́n ti ṣe. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n wọ̀ ní 1959, alùpùpù ńláńlá ni wọ́n fẹ́ tà. Ọ́ìlì ń jò lára wọn, kílọ́ọ̀ṣì sì ń bàjẹ́, nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ jìn, eré wọn sì pọ̀. Èyí kékeré tí wọn kò kà sí ni àwọn ènìyàn béèrè.

Ẹ̀yin ará, ibi tí ó ṣòro dé báyìí. Nígbà tí ó fi di 1968, Honda ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Alùpùpù rẹ̀ ni ó pọ̀ jù láyé, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀ láti jókòó láàárín àwọn ọmọdé ní kíláàsì ti di ẹni tí ẹnikẹ́ni kò lè dá lóhùn. Ìbínú rẹ̀ yá púpọ̀. Ó ti gbá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ létí, wọ́n sì ní sípánà ti fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Àwọn ọ̀gá kan wà láàárín wa tí wọ́n rò pé ìyẹn ni a fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ohun tí ó ń bí nìyí: ọmọ iṣẹ́ tí ó rí àṣìṣe ọ̀gá kò ní í sọ̀rọ̀.

Ohun tí wọ́n ń fà ni bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yóò ti máa tutù. Alùpùpù, atẹ́gùn ni í fẹ́ ẹ. Ọkọ̀ púpọ̀, omi inú radiétọ̀ ni í tù ú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá kò lo omi. Honda ní atẹ́gùn ni ti òun náà. Ó ní omi radiétọ̀ fúnra rẹ̀, atẹ́gùn kan náà ni í tù ú, kí ni a ń wá ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí? Ó dún bí ọgbọ́n. Òun ni ó sì ti fi sọ ara rẹ̀ di ọlọ́rọ̀ lórí alùpùpù. Ṣùgbọ́n àwọn ẹnjiníà ọ̀dọ́ mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀. Ooru ẹ́ńjìnnì tí atẹ́gùn ń fẹ́ kì í dúró lójú kan, bí ooru kò bá sì dúró lójú kan, kò sí bí èéfín ọkọ̀ yóò ti mọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà sì ti ń múra láti fi òfin de èéfín ọkọ̀.

Ní ọdún 1968 yìí kan náà, wọ́n ṣe ọkọ̀ eré ìje kan tí atẹ́gùn ń tù, nítorí pé Honda fẹ́ bẹ́ẹ̀. John Surtees, awakọ̀ wọn, ní ọkọ̀ náà kò tíì yẹ fún eré, kò sì gùn ún. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje, ní Rouen ní ilẹ̀ Faransé, Jo Schlesser wà á. Òjò ń rọ̀. Eré kò tíì jìnnà tí ọkọ̀ náà fi kúrò lójú ọ̀nà, ó gbiná, Schlesser sì kú sínú rẹ̀. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé atẹ́gùn ni ó pa á. Ohun tí ó dájú ni pé awakọ̀ tí ó mọ ọkọ̀ ti sọ pé kò tíì tó, wọ́n sì gbé e jáde.

Síbẹ̀ Honda kò yí padà. Ní 1969 wọ́n gbé ọkọ̀ H1300 jáde, atẹ́gùn ni. Ó lágbára, ó wúwo, ó ná wọn lówó púpọ̀ láti ṣe, kò sì tà tó bí wọ́n ti rò. Àwọn ẹnjiníà kò lè bá ọ̀gá wọn sọ ọ́. Tadashi Kume, ọ̀kan nínú wọn, bínú débi pé ó fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbẹ̀yìn wọ́n gba ọ̀dọ̀ Fujisawa lọ.

Ẹ rántí àdéhùn. Fujisawa kò gbọdọ̀ dá sí ẹ́ńjìnnì. Láti ogún ọdún ni kò ti dá sí i. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, kò sì bá Honda jiyàn lórí omi tàbí atẹ́gùn, nítorí pé kò mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè kan ni ó bi í: ṣé ipò ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni ó fẹ́ dúró sí ni, àbí ipò ẹnjiníà? Kò lè jẹ́ méjèèjì mọ́. Honda dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ó yẹ kí òun jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Fujisawa ní, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ náà lo omi. Honda gbà.

Ṣé gbígbà yẹn rọrùn? Wọ́n ní kò dára pọ̀ mọ́ inú dídùn rárá nígbà tí ó ń wo ẹ́ńjìnnì olómi àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó ti fi ọwọ́ sí i, kò sì gbé e padà. Ọkọ̀ kékeré Life jáde pẹ̀lú omi ní 1971, Civic tẹ̀ lé e ní 1972. Ní 1972 kan náà ni àwọn ẹnjiníà yìí kéde ẹ́ńjìnnì CVCC. Yàrá kékeré kan ni wọ́n ṣe sí òkè sílíńdà. Ibẹ̀ ni iná ti kọ́kọ́ ń mú, níbi tí epo ti pọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò ràn dé inú sílíńdà gan-an, níbi tí afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ, gbogbo rẹ̀ a sì jó dáadáa. Òun ni ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tí ó yege òfin èéfín Amẹ́ríkà ti 1975. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń pariwo pé kò ṣeé ṣe. Toyota, àwọn tí wọ́n dá ríìngì 47 padà, wá gba ìwé àṣẹ láti lo ìmọ̀ náà.

Bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ni Honda sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé àkókò ti tó fún ilé-iṣẹ́ kékeré láti bá àwọn ńlá ti Amẹ́ríkà dọ́gba. Àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà dá a lóhùn pé kì í ṣe nítorí ìyẹn ni àwọn ṣe ń ṣe é. Nítorí afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí ni, nítorí àwọn ọmọ wọn. Ní ọjọ́ ayé rẹ̀ àtijọ́, sípánà ìbá ti fò. Honda sọ lẹ́yìn náà pé ìgbà tí òun gbọ́ èyí ni ó yé òun pé òun ti ń ro ti ilé-iṣẹ́ nìkan, àti pé ó ti tó àkókò kí òun kúrò níbẹ̀.

Ní 1973, nígbà tí ilé-iṣẹ́ pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, Honda àti Fujisawa fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Honda jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Wọ́n gbé e lé Kiyoshi Kawashima lọ́wọ́, ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, tí kò bá èyíkéyìí nínú wọn tan. Wọ́n ti fi ohùn ṣọ̀kan tipẹ́ pé ọmọ àwọn kò ní í jogún àga náà. Hirotoshi, ọmọ Honda, dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1973 yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i bí ilé ìtẹ̀wé, ilé búrẹ́dì àti ilé ọkọ̀ ti ń di ahoro láàárín ọdún mẹ́ta tí wọ́n bá ti sin olówó wọn, tí àwọn ọmọ ń fa ẹ̀rọ ya bí ẹran, ẹ lè wọn ohun tí àdéhùn yìí tó.

Honda wá gbéra, ó ń lọ láti ilé-iṣẹ́ dé ilé-iṣẹ́, àti sí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ń ta ọjà rẹ̀ káàkiri Jàpáànì, ó ń bọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ láti dúpẹ́. Ní ibì kan, ọmọ iṣẹ́ kan na ọwọ́, ó rí i pé ọ́ìlì kún un, ó sì fẹ́ sáré lọ fọ̀ ọ́. Honda ní kí ó má fọ̀ ọ́, ó sì di ọwọ́ náà mú bẹ́ẹ̀.

Fujisawa kú ní 1988, Honda tẹ̀ lé e ní 1991. Ní 1983, nígbà tí Kawashima sọ̀kalẹ̀, ẹni tí ó gorí àga lẹ́yìn rẹ̀ ni Tadashi Kume, ẹnjiníà tí ó bá ọ̀gá rẹ̀ fà á lórí omi. Ojú Honda ni ó ṣe.